Àga Ọba ní Bèbè Ọ̀nà Bàálù

Sọ ẹrù kalẹ̀ ná! Ṣíjúadé, ìwọ ni mò ń bá wí. Sọ agbọ̀n iṣu yẹn kalẹ̀ kí o tó kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Ta ló kọ́ ọ pé kí o máa ru ẹrù kúnlẹ̀? Jókòó ti ẹrù rẹ níbẹ̀ yẹn, má tíì kí mi.

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sábẹ́ igi ìṣin yìí, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ lábẹ́lẹ̀. Ẹ ní Láwọyin ti darúgbó, ẹ ní ọmọ ọlọ́mọ fẹ́ fi ọ̀wọ̀ wọ̀ ọ́, ó ń jágbe mọ́ ọn. Ó dára. Èmi Láwọyin, olórí ọdẹ ìlú yìí, èmi tí mo wo ẹfọ̀n lójú tó jẹ́ pé ẹfọ̀n ló kọ́kọ́ ṣẹ́jú, n kì í jágbe lásán. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ fi etí sílẹ̀, kí n sọ bí mo ṣe dé ìlú tí ẹlẹ́ran ara kan láti ìhín kò dé rí, àfi èmi àti ọmọ mi, àti ohun tí mo rí níbẹ̀ tí inú fi ń bí mi títí di ọ̀sán òní.

Ẹ mọ Ọdẹ́bùnmi, ọmọ mi kan ṣoṣo. Àwọn àgbà inú yín mọ ìyá rẹ̀ pẹ̀lú, Àwẹ̀ró, tó ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé wa, tí a sì sin ní ọjọ́ kẹta. Òkúta àtẹ̀gùn ló pa á. Bẹ́ẹ̀ ni mo wí fún gbogbo ayé, bẹ́ẹ̀ náà ni mo sì wí fún ara mi. Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú náà tí bàálù kan láti ìlú àwọn iwin bà sórí ilẹ̀ gbalasa tó wà lẹ́yìn oko wa, ó fẹ́ bu omi. Ọdẹ́bùnmi, ọmọ ogún ọdún, bá a lọ. Kò dágbére fún mi. Odidi ọdún méje ni mo fi ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé ọmọ aláìlọ́wọ̀ ni mo bí.

Ní ọdún keje, mò ń yẹ pàkúté mi wò nígbà tí lékelèke kan fò wá síwájú mi. Kò fi ẹsẹ̀ balẹ̀ bí ẹyẹ gidi. Àyà ló fi lélẹ̀, ó sì yí gbirigbiri nínú koríko kó tó dúró. Mo wò ó dáadáa, mo rí i pé kò lẹ́sẹ̀.

Ó ní, "Láwọyin, ọmọ rẹ wà ní àhámọ́ ní Ìlú Abìyẹ́. Iṣẹ́ wíwa bàálù ló kọ́ níbẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n ju àwọn tó kọ́ ọ lọ. Ṣùgbọ́n ọba ìlú náà ti ní kí wọ́n jù ú sínú ọ̀gbun ní ọjọ́ kẹsàn-án òní."

Mo ní, "Kí ló ṣe?"

"Kò kí ọba."

Ẹ gbọ́ mi! Ojú tì mí ju bí ẹ̀rù ṣe bà mí lọ. Ọmọ Láwọyin, kò kí ọba! Ṣùgbọ́n ọmọ ẹni kò ní burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Mo gbé ìbọn mi, mo ní kí lékelèke fi ọ̀nà hàn mí.

Ó ní, "Kọ́kọ́ gba àlọ́ yìí dání, torí òun ni yóò yọ ọmọ rẹ. Ilẹ̀ wo ni ó ń gba ẹni tó ń ti òkè bọ̀ là, tó sì jẹ́ pé ẹni náà kò gbọdọ̀ fojú sùn ún pé òun fẹ́ tẹ̀ ẹ́?"

Mo ní, "Ilẹ̀ àna ẹni." Ó ní irọ́ ni. Mo ní, "Ṣé babaláwo mi tó ti kú ni kí n wá lọ bi ni?" Ó ní, "Ọdẹ, máa lọ. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n nígbà tí mo lẹ́sẹ̀."

N kò ní fi ìrìn ọjọ́ mẹ́jọ dá yín lágara. Igi sọ̀rọ̀ sí mi, mo dá a lóhùn. Odò kan bi mí ní orúkọ, mo fún un ní orúkọ ẹlòmíì. Ẹni kan ṣoṣo tó yọ mí lẹ́nu nínú igbó náà ni Ẹfúùfù-Kò-Mọ-Baba-Ẹnìkan. Iwin ni, kò ní eegun kankan, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ wú bí àpò èlùbọ́, ó sì dúró sáàárín ọ̀nà. Ó ní a máa jìjàkadì ni. Ta ló rò pé òun ń bá wí? Mo bọ́ ẹ̀wù.

Ọjọ́ kìn-ín-ní, ó ń tì mí, mò ń tì í, èmi ni mo borí. Ọjọ́ kejì, èmi náà ni. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi í. Ní ọjọ́ kẹta mo gbé gbogbo ara mi lé e, bí ènìyàn ṣe ń gbé ara lé ilẹ̀kùn tí kò fẹ́ ṣí. Ìgbà náà ló yẹ̀. Kò jà, kò sá, ó kàn yẹ̀ ni! Ẹnu ni mo fi gbá ilẹ̀. Eyín iwájú mi méjì tí ẹ kò rí yìí, inú igbó yẹn ni wọ́n wà.

Ó rẹ́rìn-ín títí igi fi ń mì. Ó ní, "Bí mo ṣe ń ṣe nìyẹn. Mo máa ń gbé ènìyàn ró títí yóò fi fọkàn tán mi, lẹ́yìn náà ni mo máa ń já a sílẹ̀. Bèbè ọ̀nà bàálù ní Abìyẹ́ ni mo ti fẹ́ràn láti máa ṣe é jù." Ó bá yà fún mi, mo kọjá pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lẹ́nu.

Ní ọjọ́ kẹjọ mo wọ Ìlú Abìyẹ́. Bí ènìyàn ni wọ́n rí, àfi pé ìyẹ́ yí ọrùn wọn ká. Ohun tó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni òrùlé ilé wọn. Irin ni, ó ń dán gbinrin, ó sì fẹ̀. Mo bá ọkùnrin kan tó ń kan òrùlé lọ́wọ́.

Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Níbo lẹ ti rí irin tó dára báyìí?"

Ó ní, "Apá bàálù àwọn tó kí ọba ni."

"Àwọn tó kí ọba fúnra wọn ńkọ́?"

"Wọ́n wà ní itẹ́ òkú lẹ́yìn ibẹ̀ yẹn. Méjìdínlógójì ni wọ́n. Ọ̀wọ̀ wọn pọ̀." Ó sì ń kan ìṣó rẹ̀ lọ.

Mo rìn dé ibi tí àwọn bàálù ti ń balẹ̀. Ọ̀nà dúdú kan ni, ó gùn, ó sì tẹ́jú bí ọ̀pọ́n. Kòtò jíjìn kan tí a fi òkúta mọ ògiri sí ni bàálù máa ń fò kọjá kó tó dé orí rẹ̀, ọ̀gbun sì wà ní òpin rẹ̀ lọ́hùn-ún. Nínú ọ̀nà náà, ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀ sí kòtò, ẹnì kan ti kun ilà funfun méjì tó fẹ̀ bí ẹní, wọ́n dojú kọ ara wọn. Wọ́n ní àwọn tó la ọ̀nà náà láyé àtijọ́ ló kùn ún. Ní bèbè kòtò gan-an ni wọ́n gbé àga ọba sí lábẹ́ agboòrùn, ọba sì wà lórí rẹ̀. Oníbèbè ni wọ́n ń pè é. Ọrùn rẹ̀ ti yí sẹ́yìn nítorí pé òkè ló ń wò láti àárọ̀ ṣúlẹ̀.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo bẹ̀bẹ̀ fún ọmọ mi.

Ọba ní, "Láwọyin, bí àlejò bá ń wọ ilé rẹ, ṣé kì í kí ọ lẹ́nu ọ̀nà?"

Mo ní, "Ó gbọ́dọ̀ kí mi, Kábíyèsí."

"Ẹnu ọ̀nà ìlú mi ni mo jókòó sí yìí. Ẹsẹ̀ mi ni bàálù ti gbọ́dọ̀ kanlẹ̀. Ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ nìyẹn. Ọmọ rẹ fò kọjá lórí mi, ó lọ bà sórí ilà funfun lọ́hùn-ún, ó kọ ìdí sí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta!"

Mo ní, "Kábíyèsí, ẹ̀tọ́ lẹ sọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń ṣe nílé tèmi." Bẹ́ẹ̀ ni mo wí. Ẹ̀yin tó mọ̀ mí nígbà náà, ẹ mọ̀ pé n kò purọ́.

Inú ọba dùn sí ìdáhùn mi. Ó ní kí Ọdẹ́bùnmi gbé mi sínú bàálù ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, kó sì wá balẹ̀ sẹ́sẹ̀ òun. Bó bá kí òun, kí a máa lọ sílé. Bó bá kọjá òun, àwa méjèèjì la jọ ń lọ sínú ọ̀gbun. Ó ní Dáódù, àkọ́bí òun, tí òun náà ń wa bàálù, yóò tẹ̀ lé wa, kí ayé lè rí bí ọmọ gidi ṣe ń kí baba rẹ̀.

Wọ́n mú mi lọ bá ọmọ mi ní àhámọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrìn, Bàámi."

Mo ní, "O mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀! Kí ló wá dé tí o kò kí ọba? Ṣé èmi ni mo kọ́ ọ ní ìwàkiwà?"

 Ó mú orín tó ń run lẹ́nu, ó fi fa ọ̀nà kan sórí erùpẹ̀. "Ibi tí àga wà nìyí, Bàámi. Ilà funfun nìyí. Bàálù kì í bọ́ sílẹ̀ bí ẹyìn orí ọ̀pẹ tó já. Ó ń yọ̀ bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn ni, ẹni tó ń wà á sì ti gbọ́dọ̀ fojú sun ibì kan. Ṣùgbọ́n ibi tí a fojú sùn kọ́ la máa ń bà sí lójoojúmọ́. Bí mo bá fojú sun ilà funfun tí afẹ́fẹ́ já mi sílẹ̀, mo ṣì wà lórí ọ̀nà. Bí mo bá fojú sun ẹsẹ̀ ọba tó sì já mi sílẹ̀, ògiri kòtò ni. Bí mo bá tún fò fọ́ọ́fọ́ọ́ kọjá ilà funfun lọ jìnnà, ọ̀nà á tán kí bíréékì tó mú, ọ̀gbun ni yẹn. Àwọn tó kun ilà yẹn kì í ṣe wèrè."

Mo ní, "Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ní kí o kí i. Fún ẹ̀mí rẹ. Fún ẹ̀mí tèmi náà."

"Gbogbo àwọn méjìdínlógójì ló ní ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Ọba ni! A kì í kọjá ọba láì kí i!"

Ọmọ mi gbójú sókè. Ó ní, "Bàámi, níbo ni àga yín wà lọ́jọ́ tí ìyá mi ṣubú?"

Mo gbé ọwọ́ sókè láti gbá a létí. Ọwọ́ náà kò lọ, kò sì bọ̀.

Ó ní, "Ẹnu ọ̀nà lẹ jókòó sí. Òjò ti rọ̀, àtẹ̀gùn ń yọ̀. Ìyá mi ru ìkòkò omi ńlá, èmi ni mo tẹ̀ lé e. Ì bá kọjá yín wọlé, kó sọ ìkòkò, kó wá padà wá kí yín. Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ fún wa pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rékọjá yín láì kúnlẹ̀. Ó tẹ orúnkún lórí àtẹ̀gùn kẹta. Lẹ́yìn náà ẹ sọ fún gbogbo ayé pé òkúta ni."

Ẹ̀yin ènìyàn, mo ti gba ọta ìbọn sí itan rí. Mo ti bá àmọ̀tẹ́kùn sun inú ihò kan. N kò mọ ibi tí mo lè fi ojú mi pamọ́ sí nínú yàrá kékeré yẹn. Mo bínú sí i. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́: mo bínú sí i gidigidi, torí pé n kò rí irọ́ kan nínú ohun tó sọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì a gòkè. N kò ní ṣe àpọ́nlé ara mi, ojú mi ni mo dì. Nígbà tí mo lajú, mo rí ọ̀nà dúdú náà níwájú wa, ó tín-ín-rín bí okùn, agboòrùn ọba sì pupa ní bèbè rẹ̀. Ilà funfun méjì wà lẹ́yìn agboòrùn. Mo wo ojú ọmọ mi. Kò wo ọba rárá. Ilà funfun ló tẹjú mọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ̀ bí ọwọ́ ẹni tó ń gbé ọmọ tuntun.

Mo ní, "Ọdẹ́bùnmi."

Ó ní, "Bàámi."

Mo ní, "Kọjá a."

Kò tíì dáhùn tí mo fi gbọ́ ẹ̀rín tí mo mọ̀. Ẹfúùfù-Kò-Mọ-Baba-Ẹnìkan ti wà lábẹ́ wa, ó ń gbé wa ró jẹ́jẹ́. Nígbà tí a kan kòtò, ó yẹ̀. Bàálù já wálẹ̀. Ọdẹ́bùnmi fi iná sí ẹ̀rọ, ó gbé imú bàálù díẹ̀, ẹsẹ̀ bàálù sì fi nǹkan bí ìbú ọwọ́ kan ré orí agboòrùn ọba kọjá. Gbì! A balẹ̀. Agbedeméjì àga àti ilà funfun la bà sí, bíréékì mú, a sì dúró kí a tó rí ojú ọ̀gbun rárá.

Níbẹ̀ ni mo ti rí ìdáhùn àlọ́. Ọmọ mi kò fojú sun ilẹ̀ tí a bà sí yẹn. Ó fi í sílẹ̀ ni, nítorí ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ bá dalẹ̀. Afẹ́fẹ́ sì dalẹ̀, ilẹ̀ náà gbà wá. Bó bá jẹ́ pé ẹsẹ̀ ọba ló fojú sùn, jíjá yẹn kan náà ni ì bá gbé wa lọ sára ògiri kòtò.

Ṣé ẹ rò pé ọba dúpẹ́ pé a yè? Ẹ gbọ́ bó ṣe ń pariwo! "Wọ́n ti kọjá mi! Wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí adé lórí mi! Ọ̀gbun!" Àwọn ìjòyè ti dì wá lọ́wọ́ mú. Bàálù Dáódù sì ti ń bọ̀, ó rẹwà, ó ń bọ̀ tààrà síbi ẹsẹ̀ baba rẹ̀, gbogbo ìlú ń pàtẹ́wọ́. Mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn lẹ́ẹ̀kejì. Mo kígbe pé kó gbé e sókè, ta ló fẹ́ gbọ́ tèmi? Bàálù já wálẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì gbá ògiri kòtò, wọ́n ṣẹ́ sínú rẹ̀, ó sì fi àyà wọ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga bí lékelèke tí mo rí lóko. Wọ́n fa Dáódù jáde. Ó yè, ṣùgbọ́n itan rẹ̀ ọ̀tún ti ṣẹ́, ó ń ké bí ọmọdé.

Ọba dìde. Wọ́n ní láti ọjọ́ tó ti jọba, ẹnikẹ́ni kò rí ìdí àga yẹn rí. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo ògiri, ó wo ilà funfun. Ó wá yíjú sí àwọn ìjòyè, ó ní, "Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi?"

Èyí tó dàgbà jù nínú wọn dojú bolẹ̀. "Kábíyèsí, ta ni yóò sọ fún ọba pé kó dìde?"

Ni ọba bá nawọ́. Ó ní, "Ẹ gbé àga." Ọkùnrin méjì gbé e. Wọ́n rìn ọ̀ọ́dúnrún ìṣísẹ̀, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà níbi ilà funfun. Ó parí. Kò gbà ju àkókò tí ènìyàn fi ń bó ìṣin... ẹ má jẹ́ kí n fi òwe bò ó mọ́lẹ̀. Kò gba àkókò kankan!

 Mo já ọwọ́ mi gbà lọ́wọ́ àwọn ìjòyè, mo sì bú sí igbe láàárín ìlú onílùú. Mo ní, "Méjìdínlógójì ọmọ ọlọ́mọ kú, àga kò yẹ̀! Ẹ fi apá bàálù wọn bo ilé, àga kò yẹ̀! Itan kan ṣoṣo ṣẹ́ lára ọmọ ọba, àga gbéra! Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, họ̀ùhọ̀ù rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn. Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ̀yin náà lẹ pa wọ́n! Àti ìwọ ọba, o ń béèrè pé kí ló dé tí wọn kò sọ fún ọ? Ṣé o kò rí òrùlé ni?"

 Mo yíjú sí ọmọ mi kó lè gbè mí lẹ́sẹ̀. Ó ń wò mí. Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń wò mí ni.  Mo rántí pé nínú ilé tèmi náà, ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi.

Ọba ní kí wọ́n dá àwa méjèèjì sílẹ̀. Ọmọ mi ní òun kò tíì ní bá mi lọ, pé àwọn awabàálù tó kù níbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń fojú sun ilà funfun. Ó gbé mi wá dé ilẹ̀ gbalasa ẹ̀yìn oko wa, ó bà síbi tó dára, ó sì padà. Mo wọlé, mo gbé àga mi kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Mo fi ọwọ́ ara mi hú àtẹ̀gùn kẹta. Mo lọ sí ojú oórì Àwẹ̀ró, mo sọ fún un pé òkúta kọ́. Ní ọdọọdún lẹ́yìn ìkórè ni ọmọ mi máa ń wá. Á rìn kọjá lára mi bí ẹni tí kò rí mi, á wọlé, á gbé àpò rẹ̀ kalẹ̀, á wá jáde wá kúnlẹ̀. N kò tíì rí ìkíni tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà ni mo ṣe jágbe mọ́ ọ, Ṣíjúadé. Má bínú. Àgbà tó bá jókòó sí ibi tí ènìyàn ti lè ṣubú, tó ní kí wọ́n kí òun níbẹ̀, tí gbogbo ilé sì dákẹ́, òun ni mò ń bínú sí, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ṣé agbọ̀n iṣu náà ti wà nílẹ̀? Ó jókòó dáadáa? Ó dára, ọmọ mi. Wá kí mi wàyí.